Bàbá Àdírẹ́ẹ̀sì Kì Í Béèrè Ọ̀nà

Lọ́jọ́ tí Bàbá Àdírẹ́ẹ̀sì já sí ìkànnì àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì, ìkànnì ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ póòsì tó ti fẹ̀yìn tì ló ń lọ. Ó fo lẹ́tà kan nínú àdírẹ́ẹ̀sì tó ń tẹ̀, ló bá bá ara rẹ̀ láàárín tìmùtìmù àti ìrọ̀rí. Ẹlòmíì ì bá ti pa ojú ewé náà dé kíá. Bàbá ní èèyàn kì í ṣi ilé onílé wọ̀ kó tún sá jáde bí olè. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹlòmíràn ni mo ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀dì yín dára." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fèsì pé àwọn á dín owó kù fún un. Inú bí i gidi. "Mo kí èèyàn," ló wí fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, "wọ́n ní kí n wá sùn."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó sì fi ń yangàn títí tó fi kú lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni pé òun kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà rí. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó yẹ kéèyàn wádìí ẹ̀. Méjì nínú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ búra pé òótọ́ ni. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín. Òun náà ní òótọ́ ni, àmọ́ lọ́jọ́ kan, Bàbá kọjá níwájú ilé tó ń wá nígbà mẹ́fà, onílé sì jókòó síta tó ń kí i "ẹ kú ìrìn" nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìgbéraga yìí náà ló gbé lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti télọ̀. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, tí yóò máa tẹ àdírẹ́ẹ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí yóò sì máa ka w mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù sọ fún un pé kò pọn dandan mọ́ láti tẹ àwọn w wọ̀nyẹn. Bàbá yíjú sí i. "Kí ló dé? Wọ́n ti wó géètì ni?"

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, gbìyànjú láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ aṣàwárí. Ó ní ká kàn kọ ohun tí à ń wá síbẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì to àwọn ìkànnì tó jọ ọ́ síwájú ẹni. Ó ṣe é kí bàbá rẹ̀ rí i. Bàbá wo ìlà àwọn ìkànnì náà títí ó fi sú u. "Ilé kan ṣoṣo lo bi í, ó ń ka gbogbo ìlú sí wa létí. Ṣé ẹni tó mọ̀nà nìyẹn?" Ìyàwó rẹ̀ ní kí ọmọ fi í sílẹ̀. Ó ní nígbà tó ń wá òun bọ̀ láti fẹ́ gan-an, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi bí òun ṣe rí i nínú pálọ̀ bàbá òun.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ojú ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nǹkan funfun bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó wá di pé ohùn ọkọ rẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ á yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún èèyàn péré ni ilé ìwòsàn ń gbà lóṣù, orí ìkànnì nìkan ni wọ́n sì ti ń forúkọ sílẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó bá ṣáájú nínú oṣù. Dókítà kọ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà sórí ìwé fún wọn.

Lóṣù àkọ́kọ́, ọmọ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Ó bi ẹ̀rọ aṣàwárí, ó tẹ èyí tó wà lókè pátápátá, ó sì fara balẹ̀ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá ni. Nígbà tó fi mọ̀, ogún èèyàn ti pé. Bàbá kò bá a wí. Ó kàn ní, "Oṣù tó ń bọ̀, èmi ni màá lọ."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi múra. Á tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀. Kò jẹ́ kó ṣí, nítorí ó ní èèyàn kì í kan ilẹ̀kùn onílé nígbà tí kò tíì níṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Ajé pé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀. Ní aago mẹ́jọ géérégé, ó kan ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ibẹ̀. Ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé. Ó tún un tẹ̀, pàbó. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ní bóyá ilé ìwòsàn ti kó lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Bàbá ní wọn ò lè kó láìsọ, torí láyé tàwọn, ẹni tó bá ń kó a máa wá sọ ní póòsì. Aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Obìnrin náà mọ irú ẹni tó jẹ́, ó fi í sílẹ̀ kó máa tẹ̀ ẹ́.

"Bá mi bi í, ọmọ mi," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Sọ fún un pé ojú ìyàwó mi ni."

Obìnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlà àwọn ìkànnì jáde. Ó fẹ́ tẹ àkọ́kọ́, Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ka iwájú àpò lẹ́tà. Àkọ́kọ́, tọdún tó kọjá ni. Èkejì àti ẹ̀kẹta, awò ojú ni wọ́n ń tà. "Ẹ̀kẹrin lorúkọ ilé ìwòsàn àti ọdún tiwa yìí wà, ibẹ̀ nilé wọn," ló wí. "Wọlé." Wọ́n forúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣe ẹnì kọkàndínlógún.

Kó tó dìde, ó tẹ "Ẹ ṣeun" sójú ẹ̀rọ aṣàwárí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì nípa ìdúpẹ́ ló jáde. Ó wò wọ́n. "Ó láàánú," ló wí, "àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú ìyá náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wá kan ọkọ rẹ̀. Ó béèrè pé ta ni bàbá arúgbó yìí. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn. Bàbá dìde dúró ṣánṣán, ó sì ka nọ́ńbà ilé wọn àti orúkọ òpópónà wọn fún un. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bàbá sùn tí kò jí. Àwọn tó wá kẹ́dùn kún pálọ̀, oníkálukú ń sọ ìtàn tirẹ̀, ẹ̀rín sì ń sọ. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ fi kàn án.

"Kò rẹwà tó bí mo ṣe rò ó nígbà tí mi ò ríran," ló wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi wò ó. Mi ò wò ó yó."