Ẹjọ́ Pupa Nínú Àpótí Omi Iyọ̀

Àbúrò mi obìnrin kì í jẹ̀bi. Ẹ má bi mí bó ṣe ń ṣe é. Àtìgbà tá a ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń ṣọ́ ọ, n kò sì tíì rí ẹjọ́ kan tó dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló tún wá lọ kọ́, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bó bá ti ní kí gbogbo ilé dákẹ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Bó bá ní kí aláboyún mí sínú, kò sẹ́ni tó ń bi í nídìí. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí í fi ẹ̀rín dáhùn ohun gbogbo. Nígbà tí èmi ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kó lọ, nítorí àwọn ọmọ wọn ti lọ sílé ara wọn, yàrá sì ṣófo. Ọ̀rọ̀ ọkọ àbúrò mi yìí ni mo fẹ́ sọ, òun àti ẹja rẹ̀.

Àpótí gíláàsì kan wà ní pálọ̀ wọn, ó gùn tó ìjókòó ènìyàn mẹ́ta. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, bíi ti òkun gan-an. Iná aláwọ̀ búlúù wà lórí rẹ̀, páǹpù kékeré kan sì ń rú omi náà kó má baà dúró sójú kan. Inú omi yìí ni àbúrò mi ti ń sin iyùn. Kì í ṣe iyùn ọrùn o. Iyùn ààyè ni, tó ń jẹun, tó ń dàgbà. Kí n tó dé ilé yẹn, òkúta ni mo pe iyùn. Àbúrò mi ló fi hàn mí pé ẹran omi kéékèèké ni wọ́n, ẹnu lọ́kan-ò-jọ̀kan lórí egungun kan ṣoṣo, tí wọ́n á na ìka tín-ín-rín jáde bí ara bá tù wọ́n, tí wọ́n á sì tún kó o wọlé bí nǹkan bá ń ni wọ́n lára. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, Ìyá Àgbà ló sọ ọ́. Kò ju èékánná lọ nígbà tó mú un wálé, ó ti wá tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Àbúrò mi ní bí a ṣe ń dúró de ọmọ tuntun ni a ń dúró de iyùn: a kì í kán an lójú, a kì í sì í fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn. Ẹ̀mú gígùn ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú omi náà, kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Onígbàjámọ̀ ò bá iyùn jà, ṣùgbọ́n ẹja ló wù ú. Ẹja áńgẹ́lì kan ló rí lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́, tó pupa fòò, tó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọ̀ aró sì wà létí ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìrù. Láti ọjọ́ tó ti rí i ni kò ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó mú wa lọ wò ó, èmi àti ìyàwó rẹ̀, ó dúró tì í bí ẹni tó mú àfẹ́sọ́nà wá han àwọn òbí.

Ẹlẹ́ja náà kò fi nǹkan pa mọ́. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," ó wí. "Àwọn áńgẹ́lì yìí, òmíràn á bá iyùn gbé títí láìjà, òmíràn á máa bu ú jẹ bíi búrẹ́dì. Ìwà wọn ò jọra. Ohun tó dáa ni pé iyùn yín ti fìdí múlẹ̀ kí ẹja tó wọlé. Ẹ ṣáà máa bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹni tó yó kì í yọ́ nǹkan jẹ."

Àbúrò mi gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ níwájú ẹlẹ́ja: lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà bá fara gbá, ẹja á padà síbi tó ti wá.

Báyìí ni Pupa, orúkọ tó sọ ẹja náà, ṣe wọlé. Ẹ wá wo ayọ̀! "Àǹtí," onígbàjámọ̀ sọ fún mi, "látàárọ̀ ni gbogbo ayé ti ń kọ ìpàkọ́ sí mi. Pupa nìkan ló ń wojú mi." Bó bá ti ti ìsọ̀ dé, ilé ìdáná ló máa kọ́kọ́ wọ̀ láti fọwọ́. Á ká apá ẹ̀wù sókè, á fi oúnjẹ ẹja sáàárín ìka, á sì ki ọwọ́ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, níbi tí òkúta ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Pupa á sáré wá jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ní irun funfun lórí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kèékèé. Èmi náà á máa bá a rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ ìṣe tuntun. Láàárọ̀ á là dáadáa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kó gbogbo ìka rẹ̀ wọlé, á rún jọ, á wá rí bí ẹni tí òtútù mú. Àbúrò mi fa àga ti gíláàsì, ó ń ṣọ́ ọ. Ìgbà tó máa gbójú sókè, Pupa ló rí tó ń ṣá nǹkan jẹ nídìí òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn tó ti kákò. Ó parí.

"Mo ti mú un!" ó kígbe. "Ojú mi méjèèjì báyìí ló ṣe!"

"Ewé omi tó ń hù lára òkúta yẹn ló ń jẹ," ọkọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Ewé omi wo? Ṣé ewé omi ló wá sọ Ìyá Àgbà dà báyìí? Ẹ wò ó, ọkọ mi, a ti jọ ṣàdéhùn. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹlẹ́ja á wá mú un."

Èmi ò lè pa á mọ́ra. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà," mo wí. "Ṣé o ti gbọ́ tẹnu ẹja?"

"Àǹtí, ẹja ò lè sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn ló ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ó pòṣé, ó bọ́ sí yàrá. Kí n má tan yín, kì í ṣe Pupa nìkan ni mo ń gbèjà. Ó wù mí kí àbúrò mi jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó kú.

Onígbàjámọ̀ ò jà, ìyẹn ló dùn mí jù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá ti dé, ilé ìdáná ló ń jókòó sí, ó kọ̀yìn sí pálọ̀. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan bọ́ èèyàn kí wọ́n tún fi ọwọ́ kejì lé e jáde. Àbúrò mi ló wá ń fi ẹ̀mú gbé oúnjẹ fún Pupa, tó ń di ojú mọ́ ọn bíi wọ́dà níwájú ẹlẹ́wọ̀n. Ilé pa lọ́lọ́. Èmi ò sì fẹ́ràn ilé tó pa lọ́lọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ariwo òǹtẹ̀ lórí lẹ́tà ni látàárọ̀ dalẹ́.

Ó ku ọ̀la kí ẹlẹ́ja dé. Mo ń kọjá ní pálọ̀ nírọ̀lẹ́, ni mo bá rí Ìyá Àgbà. Ó là kalẹ̀ gbẹẹrẹ, gbogbo ìka rẹ̀ ń mì lélẹ̀lélẹ̀ nínú omi. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Pupa ti ń sinmi. Mo sáré pe àbúrò mi. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ẹja náà mọ̀ pé òun ń lọ ni," ó wí níkẹyìn. "Ọ̀daràn a máa hùwà rere bí ìdájọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀."

Ẹni tó bá lè bá obìnrin yìí jiyàn, kó máa bọ̀ wá gba ipò mi.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹlẹ́ja dé pẹ̀lú àwọ̀n àti ọ̀rá. Kò tilẹ̀ ní láti lé Pupa kiri. Pupa fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ wọnú àwọ̀n, ó rò pé oúnjẹ dé. Ẹlẹ́ja dà á sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi, ó so ẹnu ọ̀rá náà, ó fi kọ́ etí àpótí. Ojú mi ti ń ṣomi. Ni onígbàjámọ̀ bá jáde láti ilé ìdáná.

"Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀," ó wí. "Òkúta kékeré kan wà nísàlẹ̀ yẹn tí Pupa fẹ́ràn láti máa jẹ ewé lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mú un dání, kí ibi tó ń lọ má baà ṣàjèjì sí i."

Ó padà wọ ilé ìdáná. A gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn. Ó jáde, ó ń nu ọwọ́, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ki ọwọ́ bọ omi. Ó mú òkúta náà jẹ́jẹ́, kò fara kan iyùn rárá. Lẹ́yìn náà ló tún ń fi ìka wá òmíràn kiri, bí ìyá tó ń di ẹrù ọmọ tó ń lọ iléèwé, tí kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù. Níbi tó ti ń wá a lọ́wọ́ ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi rún jọ.

Gbogbo wa wo iyùn. Gbogbo wa wo ọ̀rá. Inú ọ̀rá ni Pupa wà.

"Ó dáa," mo wí, "ta ló wá ń jẹ ẹ́ báyìí?"

Àbúrò mi fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ yọ nínú omi, ó gbé e sí imú, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Kí lẹ fi fọwọ́?"

"Oògùn apakòkòrò àrùn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ."

"Òun lẹ wá fi ń ki ọwọ́ bọ inú omi iyùn?"

"Ṣebí ìwọ lo ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ẹlẹ́mìí nínú ilé yìí láìjẹ́ pé mo fi fọwọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ìgbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ni agbẹ̀bí ṣòfin yẹn. Ó ní ọwọ́ tó ti orí onírúurú èèyàn dé láti ìsọ̀ kò gbọdọ̀ kan ọmọ òun láìfi oògùn fọ̀ ọ́. Ọmọ náà dàgbà, ó kúrò nílé, ó ti di bàbá ọmọ. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún onígbàjámọ̀ pé òfin ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Nínú ilé tiwa yìí, ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́ lójú gan-an ló bu ata fún un.

"Ohunkóhun tó bá wọnú omi, iyùn ló máa mu ún, ìyá," ẹlẹ́ja wí. Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ẹ kó èédú sínú asẹ́ páǹpù yín kó lè fa oògùn náà mu, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ omi díẹ̀. Omi lásán ni kí bàbá máa fi ṣan ọwọ́ dáadáa. Kò níí pẹ́ tí ara rẹ̀ á yá."

Èmi ti bú sẹ́rìn-ín. Mo pàtẹ́wọ́, mo jó yí àga po. "Àbúrò mi jẹ̀bi! Ẹ wá wò ó o! Ó jẹ̀bi!" Mo ti múra sílẹ̀ de èébú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìgbáàyà.

Lẹ́yìn náà ló yí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ sókè. Oògùn yẹn ti jẹ ọwọ́ náà, ó ti gbẹ, ó ti là yẹ́lẹyẹ̀lẹ láàárín ìka.

"Ojoojúmọ́ lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Ojoojúmọ́."

"Àtìgbà ọmọ yẹn?"

"O ò ní kí n dáwọ́ dúró."

Àbúrò mi fi aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ náà, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, bó ṣe máa ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáyé. "Ọkọ mi, ẹ dáwọ́ dúró," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ń ṣe ni mo na etí. "Mo jẹ̀bi."

Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Nígbà tó dé, n kò rí yẹ̀yẹ́ kankan fi ṣe.

Ẹlẹ́ja bèèrè bóyá kóun dá ẹja padà sómi. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ọ, wọ́n ṣì di ara wọn lọ́wọ́ mú. Èmi ni mo lọ tú ẹnu ọ̀rá náà. Pupa wẹ̀ jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà kọjá, kò tilẹ̀ bojú wò ó.