Pẹpẹ Tí Wọ́n Gbé Bàbá Oyèṣọlá Sí

Títí di òní, bí ẹnì kan bá dárúkọ olóògbé Oyèṣọlá ní Èjìgbò, ohun tí ẹni kejì yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé bàbá tó fa wáyà iná yọ lójú gbogbo ìlú?" Òun gan-an ni. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ìkànnì ìwé ìlú ni. Àwọn àlejò ti kún gbọ̀ngàn, wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí, ẹ̀rọ sì ń gbé ojú kọ̀ǹpútà sára ògiri gbàgàdà. Adéwọ̀yìn, alága ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ló di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ọgbọ̀n ọdún ló lò ní Àbíjàn ní Kódífuà, kì í sì í parí ọ̀rọ̀ láìfi "voilà" àwọn Faransé dé e lórí.

"Ẹgbàá ìwé ló wà níbí," ó ní. "Ìwé àtijọ́ Èjìgbò, ti Màsífà, ti Ara. Ẹ dárúkọ ohunkóhun, ẹ ó rí i. Voilà."

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Sìkírátù ni, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní ìlú Ara. Ó ní kí wọ́n bá òun wá Ràmọ́nù, ẹ̀gbọ́n òun, tó wọ ọkọ̀ lọ sí Kódífuà nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí ilé kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n tẹ Ràmọ́nù. Irínwó ó lé mẹ́tàlá Ràmọ́nù ló yọ sára ògiri: Ràmọ́nù inú rẹ́jísítà ilé ìwé, Ràmọ́nù tó jí ewúrẹ́ nínú ìwé kóòtù, Ràmọ́nù tó gbé ìyàwó, Ràmọ́nù tó du ipò káńsẹ́lọ̀. Alága pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Sìkírátù dúró, ó ń wo ògiri. "Èwo nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi?" Ìgbà náà ni bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kan dìde ní ìlà iwájú, ó rìn dé ìdí ògiri, ó fa wáyà yọ, ó ká a mọ́ ọwọ́ bí okùn àgùntàn, ó sì mú un lọ sílé.

Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ òun má bínú títí wọn ó fi pín oúnjẹ. Wọn kò tíì gbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Rírán ìwé tó ti já ni Oyèṣọlá fi ń jẹun. Ìbínú ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìwé tí àwọn ènìyàn gbé wá tí wọn kò padà wá mú, àti èyí tó fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ gbà láti ilé dé ilé, ló tò sí yàrá kan, lórí pẹpẹ mẹ́fà, láti orí ti oko, ti ẹ̀sìn àti ti ìtàn àròsọ dé orí ti àwọn tó lọ sí Kódífuà. Kò sí ẹni tó ń fojú kan pẹpẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bi ọ́ pé, "Pẹpẹ wo?" Bí o bá ní o kàn fẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀, yóò ní kí o máa lọ sọ́jà, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ó ṣe é fún olùkọ́ àgbà. Ó ṣe é fún pásítọ̀. Ọjọ́ kan, Àpèkẹ́ fẹ́ wọlé mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

"Pẹpẹ wo?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ìgbálẹ̀ ni mò ń wá."

"Pẹpẹ wo?"

Nígbà tó béèrè oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà, Àpèkẹ́ bi í pé, "Ìkòkò wo?" Ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Irfan, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gáréèjì, ló ya àwòrán àwọn ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta, òun náà ló kọ́ ìkànnì. Ọjọ́ kejì tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ó wá gba wáyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, wáyà gbọ̀ngàn ni."

"Pẹpẹ mẹ́fà ni mo kó lé ọ lọ́wọ́. Kí lo fi wọ́n ṣe?"

"Kọ̀ǹpútà kò nílò pẹpẹ, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń wá inú gbogbo rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí kò fi rí nǹkan kan. O rí ìyá yẹn tó dúró bí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ilé àna? Kí èèyàn kọ́kọ́ mú pẹpẹ, kó tó tẹ ọ̀rọ̀. Inú pẹpẹ yẹn nìkan ni kó wá."

"Bàbá, iṣẹ́ oṣù méjì nìyẹn."

"Wáyà kò ṣàìsàn. Yóò dúró dè ọ́."

Ó fi wáyà kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbọ̀ngàn ra òmíràn.

Báyìí ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹgbàá ìwé sí pẹpẹ nínú kọ̀ǹpútà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ariwo. Ìwé kékeré kan wà tí obìnrin ará Màsífà kan kọ nípa bí a ṣe ń ṣe gààrí. Ó fi àdúrà sáàárín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti orí bíbó ẹ̀gẹ́ títí dé orí yíyan. Irfan ní kí àwọn gbé e sórí pẹpẹ oko àti pẹpẹ ẹ̀sìn. Oyèṣọlá ní ìwé kan kì í gbé ilé méjì. Wọ́n jà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, Oyèṣọlá mú abẹ, ó tú okùn ìwé náà, ó kó gààrí síbí, ó kó àdúrà sọ́hùn-ún. Nígbà tí ọmọ ẹni tó kọ ọ́ gbọ́, ó gun ọ̀kadà wá láti Màsífà, ó sì sọ ohun tí Àpèkẹ́ kò lè tún sọ lẹ́yìn tó ti gba oúnjẹ Olúwa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Oyèṣọlá tún ìwé náà rán. Ó wá kọjú sí Irfan: "Gbé e sórí pẹpẹ méjèèjì, bí mo ṣe sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Àmọ́ orí ìwé ètò ìsìnkú ni ìjà ti le jù. Ó lé ní igba irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìdílé kó wá, pẹ̀lú ìtàn ayé olóògbé nínú. Oyèṣọlá kà wọ́n tán, ó sì kó gbogbo wọn sórí pẹpẹ ìtàn àròsọ. Adéwọ̀yìn rí ti bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ó dé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Bàbá, bàbá mi kì í ṣe ìtàn àròsọ."

"Ta ló bá bàbá rẹ wí? Ìwé rẹ̀ ni mò ń sọ." Ó ṣí i. "Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Adéwọ̀yìn, ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa. Ta ló ju ọmọ odó sí mi nítorí ẹsẹ̀ bàtà méjì ilẹ̀?"

Alága dé fìlà rẹ̀ padà. Ọmọ odó náà ṣì wà nílé Oyèṣọlá. Òun ni Àpèkẹ́ fi ń gúnyán.

Irfan ti parí pẹpẹ mẹ́rin nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó bá gbé oògùn wá, bàbá máa ń bi í pé orí pẹpẹ wo ló ti mú un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Inú bí Àpèkẹ́ sí i, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀, òun tó máa ń pariwo bí ènìyàn bá fi awo sílẹ̀ láìfọ̀. Inú bí i sí Ọlọ́run náà díẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò yára.

Ó pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá, Adéwọ̀yìn mú Irfan wá sílé. Sìkírátù wà ní pálọ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń yà wá béèrè bóyá iṣẹ́ ti parí.

"Màmá," ni Alága wí, "a ti pinnu láti yọ àwọn pẹpẹ yẹn kúrò. Ibi àwárí kan ṣoṣo, ó mọ́ tónítóní. Voilà."

"Ilẹ̀ ibojì wọn kò tíì gbẹ, Alága."

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn ìdílé ló ń yọ wá lẹ́nu. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe ìtàn ayé bàbá òun ní ìtàn àròsọ?"

"Mò ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú dáadáa. Irfan, mélòó lo ti parí?"

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Màmá. Àná ni."

"Ìyá yìí ń bọ̀ láti Ara ní ọjọ́ ọjà ọjọ́ ọjà, ẹ sì fẹ́ dá a padà sáàárín irínwó Ràmọ́nù?"

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ìwé ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀ jáde. Ó ní kí Irfan kà á sókè.

"Ọkọ pẹ̀lẹ́," ni Irfan kà, "bàbá onísùúrù, tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í..." Ó gé ètè jẹ.

"Kà á tán."

"Tí kì í bínú."

"Àwọn ọmọ mi ló kọ ọ́, Ọlọ́run á bù kún wọn. Alága, ẹ̀yin náà mọ bàbá wọn. Pẹpẹ wo?"

Adéwọ̀yìn kò rí voilà kankan fi dé e lórí.

"Gbé e sórí ìtàn àròsọ, Irfan. Ìdílé tó bá tún ní wọ́n bú òun, kẹ́ ẹ ní kó wá wo ti ọkọ mi. Ó yá, bá ìyá yìí wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Irfan ṣí kọ̀ǹpútà, ó ya àwòrán ìwé náà, ó gbé e síbi tí Màmá wí, ó wá mú pẹpẹ àwọn tó lọ sí Kódífuà, níbi tí ìwé akọ̀wé gáréèjì àtijọ́ wà. Ó tẹ Ràmọ́nù. Méje péré ló yọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló ti Ara wá: ó ń lọ sí Bùàké, ọ̀dọ̀ Yésúfù aránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Sìkírátù ní kí Irfan tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta.

Adéwọ̀yìn tẹ̀ síwájú, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà. "Mo máa ń dé Bùàké láti Àbíjàn, mo mọ ilé Yésúfù aránṣọ," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Bàbá yẹn ti kú, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, Màmá." Ó mú fóònù, òun àti Sìkírátù bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára.

Àpèkẹ́ já wáyà kúrò lára ìṣó, ó gbé e lé Irfan lọ́wọ́. "Dá a padà fún gbọ̀ngàn. Iṣẹ́ ti parí." Ó jókòó. "Bá mi tẹ Oyèṣọlá."

"Màmá, Oyèṣọlá pọ̀ ní Èjìgbò o."

"Pẹpẹ ìtàn àròsọ nìkan."

Ẹyọ kan ló yọ. Òun nìyẹn nínú fọ́tò, ó lejú mọ́ ẹni tó ń yà á, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé kì í bínú. Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti fi etí ìró nu ojú. Láti ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń gbọ́ tí Sìkírátù ń sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún ẹnì kan lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn.

"Ṣé kí n pa kọ̀ǹpútà, Màmá?"

"Fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i," ni Àpèkẹ́ wí. "Èmi àti òun ò tíì jà lónìí."