Ooru Èkó Nínú Ìwé Atukọ̀

Mo ń ká aṣọ ibùsùn lọ́wọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní St. Georg, ní Hamburg, nígbà tí fóònù mi dún pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Mo jókòó sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi nu ilẹ̀ onílẹ̀ ní Lichtenberg, ní Berlin, kí n tó kó wá sí Jenfeld, ní Hamburg níbí. Iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe, n kò ní irú rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà kò le. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Jámánì máa ń fún àwọn atukọ̀ ní ìwé, kí wọ́n máa kọ afẹ́fẹ́, òjò àti ooru sínú rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, níbikíbi tí òkun bá gbé wọn dé. Èmi ni kí n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn onímọ̀ òde òní ní Berlin yóò sì fi wo bí ojú ọjọ́ ṣe yí padà. Ọ̀gá wa, ìyá àgbà ará Jámánì kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, fún mi ní òfin kan ṣoṣo: ohun tí mo bá rí ni kí n kọ, ì báà dà bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lójú mi. Mo mirí bí ọmọlúàbí.

Ìwé kẹta tí wọ́n gbé fún mi jẹ́ ti ọkọ̀ kan tó wá ra epo pupa ní Èkó. Ọwọ́ ìkọ̀wé atukọ̀ náà gún régé. Lọ́jọ́ tó kọ pé ibà ń ṣe òun pàápàá, ó ṣì dìde lọ wo ooru. Ìlà rẹ̀ kàn wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan, nínú oṣù kejì, ó kọ méjìlélógún. Èkó wo? Èmi tí wọ́n bí sí Múṣin, tí mo mọ bí páànù ṣe ń ta lórí wa lóṣù kejì! Mo gbà pé ibà ló ń dà á láàmú, mo sì sọ ọ́ di méjìlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ibikíbi tí kò bá gbóná tó lójú mi, mo fi mẹ́wàá kún un. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, bí ẹni ń bá aláìsàn tẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo dé ẹ̀yìn ìwé náà. Níbẹ̀ ni atukọ̀ ti kọ bí wọ́n ṣe dán ohun tó fi ń wọn ooru wò kí wọ́n tó ṣíkọ̀: nínú omi híhó, ó fi ọgọ́rin hàn. Ọgọ́rin, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún bíi tiwa. Òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n ń lò nígbà yẹn. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: méjìlélógún tirẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tiwa. Òun ló tọ̀nà. Èmi ni ibà ń ṣe.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ náà ń lọ sí Berlin, mo sì ṣì wà nínú Probezeit, oṣù mẹ́fà ìdánwò tí wọ́n lè ní kí èèyàn máa lọ sílé láìsọ ìdí. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ka ìwé náà. Nígbà tí mo jáde, mo yà sọ́dọ̀ Alhaja tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní St. Georg, mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú.

“Èkó ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ pé kí o wá bá òun gbóná sí i?”

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ta ló tiẹ̀ máa mọ̀? Ṣé òkú á dìde wá pè ẹ́ lẹ́jọ́ ni?” Ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Ojú tí o gbé wá yìí, o ò lè fi kírun. Lọ sọ fún wọn.”

Bàbá mi máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tíì pé oṣù kan. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, kí n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe. Láti ìgbà yẹn mo ti tẹ ọ̀pọ̀ ohun tí n kò gbà gbọ́, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, mo ti na kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ sí i kó tó béèrè. Kò gbà á. Ó wọ́ àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó fi awò sójú, ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní, “Èmi á máa kà á, ẹ̀yin ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Berlin á dúró dè wá.”