Ọjọ́ Mẹ́ta tí Ọyẹ́ Fà Gùn

Olùkọ́ ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá sí Ìgbó-Ọrà ní ìparí àwọn ọdún 1980, aago ọwọ́ mi kì í sì í kúrò lọ́wọ́ mi àfi tí mo bá ń wẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń bọ̀ láìpẹ́, màá bi í pé aago mélòó. Ìyá ọkọ mi a máa bá mi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ìyàwó àwọn bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wo aago. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Wọn ò tíì fi iṣẹ́ ilé kankan tó ṣe gúnmọ́ lé mi lọ́wọ́. Lójú wọn, ìwé nìkan ni mo mọ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ọmọ wọn obìnrin bímọ sí Lánlátẹ̀, wọ́n sì fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, a rẹ ìkòkò ẹ̀gẹ́ méjì fún láfún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nínú ilé ìdáná, èkejì lábẹ́ máńgòrò lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi rọ̀," ni wọ́n wí. "Kó o kó o jáde, kó o fọ́ ọ, kó o sá a sórí àpáta. Tí mo bá fi dé lọ́jọ́ keje, kí n bá a ní gbígbẹ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sìn wọ́n dé ìdíkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta pé. Ní aago méje géérégé, mo ti dúró ti ìkòkò. Ẹ̀gẹ́ ilé ìdáná ti rọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń fọ́. Mo kó o lọ sórí àpáta tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo dé ìdí ti ẹ̀yìnkùlé, ó le gbagidi, omi rẹ̀ sì tutù débi pé ìka mi kú. Mo bínú. Mo gbé odó, mo ní n ó gún un títí tí yóò fi mọ̀ pé ọjọ́ ti pé. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gún un, ẹ̀gẹ́ kan ta jáde, ó bà mí níwájú orí, gbogbo adìẹ ilé sì fọ́n ká.

Mo jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ dé, ẹ̀rín sì pa mí. Oko kan náà la ti wú ẹ̀gẹ́ méjèèjì, aago kan náà la rẹ wọ́n. Iná tí mo ń dá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń bá ọ̀kan ṣiṣẹ́, èkejì ń gbọ̀n lábẹ́ máńgòrò. Aago mi ka ọjọ́ mẹ́ta fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ooru ni ẹ̀gẹ́ ń kà ní tiẹ̀.

Mo kó ẹ̀gẹ́ líle náà sínú ìkòkò tó ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo bọ́ aago, mo ń tọwọ́ bọ omi láràárọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ keje gan-an ló rọ̀.

Nígbà tí Ìyá dé, apá kan láfún ti gbẹ, apá kejì ṣì tutù lórí àpáta. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta tí mo wí, ọjọ́ ooru ni," ni wọ́n sọ. "Mi ò rántí ọyẹ́. Aago ẹ dà?"

"Ó wà lórí tábìlì, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ilé kejì wá bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ àwọn máa fi rọ̀ nínú òtútù yìí.

"Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ bi," ni Ìyá dá wọn lóhùn, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n gbé ìkòkò wọn sí.