Ọwọ́ Òsì Lára Ògiri Gbọ̀ngàn Ìlú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń kọ́, kí ẹ má baà gbé fóònù tó ti fọ́ wá bá mi. Mi ò kì í tún fóònù ṣe. Mi ò mọ ìdí tí fóònù ìyàwó àbúrò yín kò fi gba iná mọ́. Iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní ilé-ìkọ́ṣẹ́ kan ní Ìjerò. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí àwòrán máa rìn bí ẹ ṣe ń rí i nínú kàtúùnù, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àdúgbò wa, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Arámọkọ, ni mo ti ṣe àlàyé yìí fún. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n mi orí, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é láṣeyè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na fóònù sí mi.

Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó nìkan ni kò na fóònù sí mi rí. Òun ò tiẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ni rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀fọ̀n ti ń dúró dè mí láti ìgbà tí mo ti jáde girama. Ó ní òun á mú mi wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, ó sì ti pa yàrá kan mọ́ sílẹ̀ fún mi. Nọ́ọ̀sì ni bàbá mi mọ̀. Nọ́ọ̀sì ń wọ aṣọ funfun, ó ń gún abẹ́rẹ́, ara aláìsàn ń yá, gbogbo ayé ń rí i.

"Ùwọ ńkọ́?" bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi mí tí mo bá wálé. "Kí lo ṣe tán?"

Ìbéèrè tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn, nítorí pé ní sáà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù ni ohun tí mo ṣe tán. Bọ́ọ̀lù kan tó ń já bọ́, tó ń ta sókè, tó tún ń já bọ́. Olùkọ́ wa ní ẹni tí kò bá mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wúwo kò lè mú ènìyàn rìn. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Mo fi ilé wa sílẹ̀, mo gba yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní Ìjerò, mò ń gun ọ̀kadà lọ sí kíláàsì láràárọ̀, kí n lè wá mọ̀ pé tí nǹkan bá bọ́ sílẹ̀, á ta.

Ti ìkànnì náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí ni gbogbo ẹ̀. Àpótí nínú àpótí, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. O kọ ọ̀rọ̀ sínú ọ̀kan, o to àwòrán sínú èkejì, o gbàgbé àmì kékeré kan ní ìparí ìlà, gbogbo ẹ̀ wó lulẹ̀. O wá àmì náà títí ojú fi ń ro ọ́, o rí i, o rẹ́rìn-ín, iná lọ.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù wa wá wúwo tó bí olùkọ́ ṣe fẹ́, ó ní ká lọ máa wo bí ènìyàn ṣe ń rìn. Mo jókòó sí ibùdókọ̀ ní Ìjerò, mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn èrò. Ọlọ́kadà kan bi mí bóyá ìjọba ló rán mi wá ka ọ̀kadà wọn. Obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra fa agbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ra. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe ọsàn. Ìyẹn ló wá jẹ́ kó gbé agbọ̀n náà kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ ní kí oníkálukú lọ sílé, kó fi fóònù ya fídíò ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, kó sì sọ ọ́ di àwòrán tó ń rìn. Mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko. Ó ń ṣán ìdí kòkó, mò ń yà á.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi ń lo àdá. Gbogbo ẹni tó bá a ṣe ọ̀wẹ̀ rí ló mọ̀ pé wọn kì í dúró sí apá òsì rẹ̀, àwọn tí kò sì mọ̀ máa ń mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó wà ní kékeré, tíṣà na ọwọ́ náà títí ó fi gbà láti fi ọ̀tún kọ̀wé, ìwé tó ń kọ títí dòní sì dà bí ìgbà tí adìẹ bá rìn nínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ náà títí ó fi ń fi ọ̀tún jẹun. Nílé-kéwú, wọ́n tún nà án sí i kí ti ilé-ìwé má baà nìkan wà. Àdá nìkan ni wọn ò rí gbà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ súnmọ́ ọmọ tó mú àdá dání láti nà án.

Mo gbé iṣẹ́ mi dé kíláàsì. Olùkọ́ wò ó, ó ní ẹ̀yìn ló kọ síwájú. Àwòrán ènìyàn tí ilé-ìkọ́ṣẹ́ fún wa láti máa lò, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ti bàbá mi kò sì bá a mu. Mo ní bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń yí àwòrán padà bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí. "Má ya ohun tí o lè yí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, àwa náà sì ti kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì.

Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Bàbá mi di ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, ohun tí tíṣà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ààfáà kéwú fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wá tì. Olùkọ́ yìn mí níwájú gbogbo kíláàsì. N kò lè dúró kí ọ̀sẹ̀ parí kí n fi han bàbá mi.

Ó gba fóònù, ó wò ó. Fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà òjò rẹ̀ wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ̀ sápá kan náà wà níbẹ̀.

"Ta rè é?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Èmi kọ́." Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mo sì sọ fún ìyá mi pé ẹni tí kò bá fẹ́ rí nǹkan, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi hàn án. Ìyá mi ní bóyá fìlà náà ni kò jọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ ìlú wa ní àwọn fẹ́ ní ìkànnì, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti ní i nílùú míì. Bàbá mi ni igbákejì alága. Ẹnì kan rántí pé ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n bá di iṣẹ́ náà lé e lọ́rùn. Nígbà tó délé, ó pè mí jókòó.

"Àwọn àgbà ùlú á rí i," ó ní. "Tí wọ́n bá ní uṣẹ́ ni, máa bá a lọ, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ní eré ni, Ẹ̀fọ̀n lò ń lọ."

Mo ṣiṣẹ́ náà bí ẹni pé wọ́n so okùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n. Tí ẹ bá ṣí ìkànnì náà, ẹ ó rí ìlú wa, òkè lẹ́yìn, ọ̀nà lápá kan, igbó lápá kejì. Àlejò kan á wọlé, ọmọbìnrin kan á kúnlẹ̀, á gbé igbá omi fún un, "Ẹ káàbọ̀ sílé" á sì yọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo yà pé kó fi gbé e. Mo fi òsì lé orúnkún rẹ̀, nítorí pé apá kan láti mú rìn ti tó ìyà fún ẹnì kan.

Alága wò ó lórí fóònù bàbá mi kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ó ní ó dára, àmọ́ kí ló dé tí àlejò ń ti inú igbó bọ̀? Ṣé ajínigbé ni? Ọ̀nà Arámọkọ ni àlejò ń gbà wọ ìlú wa. Òótọ́ ni. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: má ya ohun tí o lè yí. Mo fi ìlú sílẹ̀ bó ṣe wà, mo mú àlejò àti ọmọbìnrin náà, mo tẹ bọ́tìnnì. Àlejò gba ọ̀nà Arámọkọ wọlé wẹ́rẹ́. Mo gbé e fún olùkọ́ wa wò, ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé. Wọ́n gbàdúrà ti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n gbà ti Mùsùlùmí, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, a sì gbé àwòrán náà sára ògiri gbọ̀ngàn. Àlejò wọlé. Gbọ̀ngàn pariwo ayọ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé omi. Mo wo bàbá mi, mo rí i tó fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Dúró ná," bàbá àgbàlagbà kan wí níwájú, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ògiri. "Ọwọ́ wo lọmọ yẹn fi gbé omi fún àgbà?"

Mo ti ṣe àwòrán náà kó máa tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró, nítorí náà ọmọ náà dìde, ó tún kúnlẹ̀, ó tún na omi sí àlejò pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe yà á. Kò sì sí ohun tí mo lè ṣe kó tó tún ṣe é.

Ẹnì kan ní ìdí tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun kò fi wálé mọ́ nìyẹn. Òmíràn fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ náà, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ bàbá mi, bí ẹni pé àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yà sára ògiri. Ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbìyànjú láti bá mi wá nǹkan sọ: "Ì bá tiẹ̀ ní, 'Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o.'" Akọ̀wé bi mí bóyá mo lè kọ ọ́ sí i.

Ìtìjú ti bò mí. Mo wá bọ́tìnnì náà, mo yí ọmọbìnrin náà nìkan padà. Ọwọ́ ọ̀tún dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ti kọjú sí igbó báyìí, ó ń kúnlẹ̀, ó ń gbé omi fún igi, àlejò sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìrí ẹni dá a lóhùn.

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. "Hẹn-ẹn! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn!" Bàbá àgbàlagbà náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ tìtẹ́lọ́rùn-tìtẹ́lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló ń gba omi. Alága dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Eré yìí dùn púpọ̀." Ni wọ́n bá kọjá sórí ọ̀rọ̀ afárá.

Eré. Mo gbọ́ ọ, bàbá mi náà gbọ́ ọ. A rìn délé. Mo ti ń rí yàrá Ẹ̀fọ̀n náà lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀, aṣọ funfun lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí bàbá mi kí ìrun Àsárì tán, ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti ń tún apá ọmọbìnrin náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀, láìyí ohunkóhun. Ó jókòó tì mí.

"Báwo lo ṣe yí ọwọ́ ọmọ yẹn?"

Mo fi bọ́tìnnì náà hàn án. Mo tẹ̀ ẹ́, òsì di ọ̀tún. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Ọ̀tún di òsì. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe yí tèmi náà nìyẹn?"

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bínú sí i, kò wá sí mi lọ́kàn pé ó rí àwòrán náà dáadáa jù mí lọ. Mo ṣí àwòrán oko náà, mo tẹ bọ́tìnnì. Àdá padà sọ́wọ́ òsì. Ọkùnrin inú àwòrán náà tẹ̀ sápá kan, ó ṣán koríko, ó sún síwájú, ó tún ṣán.

Bàbá mi pariwo pe ìyá mi, ó ní kó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kó wá. "Èmi rè é," ó ní. "Wá wò mí. Èmi rè é!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Wọn ò gbọdọ̀ tún un yí," ó sọ fún mi.

Mo ní kò sẹ́ni tí yóò yí i.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó pe Ẹ̀fọ̀n. Mo gbọ́ tó kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó béèrè ulé àti àwọn ọmọ, tó sì ní kí wọ́n fún ẹlòmíì ní yàrá náà, nítorí pé ọmọ òun ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ṣì ń ṣàlàyé lọ́wọ́ nígbà tí fóònù náà kú. Ó gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò jí.

Ó wò mí. "Gbà, bá mi wo ohun tó ń ṣe é," ó ní, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí mi.