Ẹranko Tí Télọ̀ Wa Rán

"Mi ò ní tú u!" Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ tá a jọ ń gbé ilé kan náà ní Sabon Gari máa ń dá oníbàárà lóhùn, bí wọ́n bá ní kó tún aṣọ tó ti rán dáadáa rán. Sùtánà ló ń rán fún ìjọ Àládùúrà, àmọ́ fíìmù ló wà lọ́kàn ẹ̀. Nígbà tó máa ṣe fíìmù tiẹ̀, àpò ìrẹsì àti fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló fi rán ẹranko kan tó ń jáde látinú ilẹ̀ lójú ogun. Bí ìbọn bá ṣe ń dún, bẹ́ẹ̀ ni ikùn ẹ̀ ń wú. Èmi ni mo wà nínú ẹ̀. Ooru Kano fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná.

Aṣọ kakí kan náà ló rán fún ọmọ ogun apá méjèèjì. Àlájì tó fẹ́ bá a ta fíìmù náà wò ó, ó lanu.

"Haba, télọ̀! Báwo la ṣe máa mọ ọ̀tá? Rán aṣọ mìíràn fún apá kan, kí wọ́n sì pa ẹranko yìí níparí, káwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́."

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Àlájì, ẹranko yìí ò bi ẹnikẹ́ni léèrè apá tó wà kó tó gbé e mì. Mi ò ní tú u!"

Àlájì bínú lọ. Télọ̀ ta aṣọ sùtánà tí ò tíì gé sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, orí ẹ̀ la ti wo fíìmù náà. Nígbà tó parí, ìyá ìjọ kan béèrè pé, "Télọ̀, apá wo ló wá ṣẹ́gun?"

"Ìyá, ta lẹ rí tó yó?"