Bí A Ṣe Lé Atẹ́gùn Jáde Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ Mi

Orí omi ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ rí. Ọkọ̀ tó ń kó èrò gba orí ọ̀sà ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí àìsàn kan fi mú un, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára mọ́. Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, ẹni tó ni ín ní kó máa gbé ẹ́ńjìnnì lọ, kó fi ṣe ìrántí. Ó gbé e wá sílé wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, níbi tí kò sí omi kankan àfi èyí tí òjò bá dà sí gọ́tà. Gbogbo àdúgbò ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé ọkọ̀ ojú omi la fẹ́ máa wọ̀ lọ sí Ìkòtún ni.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí a máa fi ṣe. Mo ní kó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, nítorí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ládùúgbò wa ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ibi lọ tiwọn. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé wa kì í dákẹ́. Láàárọ̀, ọkọ mi á wọ ṣòkòtò iṣẹ́, á máa súfèé káàkiri bí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àfẹ́sọ́nà. Kí ẹ́ńjìnnì yẹn tó dé, ó ti jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ògiri ló ń wò ṣáá, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Tí mo bá ti gbọ́ súfèé báyìí, ara mi á balẹ̀, màá lọ gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ló kó bá wa. Òun àti àwọn oníbàárà ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó yẹ táńkì wò. Dísù tán pátápátá, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Ẹ́ńjìnnì dísù kò sì dà bí ti pẹtiróòlù, tó jẹ́ pé èèyàn á kàn rọ òmíràn sí i ni. Tí dísù bá ti tán, atẹ́gùn á wọ inú páìpù, ibi tí atẹ́gùn bá sì jókòó sí, dísù kò ní lè kọjá. Àfi kí wọ́n lé e jáde. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lórí fítà tó ń sẹ́ dísù. Ẹnì kan á tú u díẹ̀, ẹnìkejì á máa fi ọwọ́ tẹ póńpù. Èyí tó máa kọ́kọ́ jáde á máa hó bí ọṣẹ, tó bá yá, dísù gidi á máa ṣàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí póńpù kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró kí nọ́ọ̀tì tó le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn á tún fà wọlé.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti fọ̀, ti kún ilẹ̀ nínú abọ́, àwọn tó ni ín sì jókòó tì í. Ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í mọ́jú, dúdú ló máa dú. Ọkọ mi gbìyànjú láti dá a ṣe, ṣùgbọ́n fítà wà lápá kan, póńpù wà lápá kejì, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́ tirẹ̀. Sípánà ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra. Níkẹyìn, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

Ó ní, "Tí ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn bá bàjẹ́ síbí lónìí, àwọn tó ń ra irin kóńdéèmù ni màá pè kí wọ́n wá gbé ẹ́ńjìnnì yìí. Ó ti sú mi."

Mo rántí bó ṣe máa ń wo ògiri. Mo he sípánà nílẹ̀.

"Ẹ lọ sídìí póńpù," mo ní. "Èmi á tú nọ́ọ̀tì."

"Ìwọ?"

"Èmi ni o. Àbí ẹ tún rí ẹlòmíì níbí ni?"

A bẹ̀rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀tì ń hó, dísù ń dà sí mi lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kó mọ́ nígbà tí aládùúgbò wa kan, ìyá aláṣọ funfun tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, gba ẹ̀yìn wa kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Olúwa á ràn yín lọ́wọ́!"

Ọmọlúàbí ni ọkọ mi, kì í jẹ́ kí kíkí bọ́ sílẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. "Àmín o, ẹ ṣé gan-an mà." Kíá, nọ́ọ̀tì tún bẹ̀rẹ̀ sí hó.

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbà ilé fúnra rẹ̀ ló yọjú lójú fèrèsé, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. "Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ọkọ mi fi póńpù sílẹ̀, ó tẹríba, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Èmi ìyàwó ilé náà ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Nígbà tí a fi máa dìde, atẹ́gùn ti padà sílé rẹ̀.

Inú ti ń bí mi. Inú mi kì í pẹ́ bí, ìyá tó bí mi mọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń gbé e mì. A tún bẹ̀rẹ̀. Ìhó ń dín kù, ó ń dín kù, ó ku bíńtín. Ni mo bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn Màmá ṣí.

"Ẹ ò tíì ṣe é tán ni?"

Mo rí i tí ọrùn ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí yí.

"Má dá a lóhùn!" Ẹnu mi ló ti jáde. "Máa tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́! Tó o bá dáwọ́ dúró pẹ́nrẹ́n, màá sọ sípánà yìí lù ẹ́!"

Ọ̀kan nínú àwọn oníẹ̀gẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, dísù sì ń ṣàn tinrin láìhó mọ́. Mo dè é. Mo tún fún un sí i. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bú ramúramù.

Mo wólẹ̀ sínú dísù tó dà sílẹ̀ níwájú Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. N ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi."

Màmá rọra bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí mi kí n lè gbọ́ ọ. "Látọjọ́ tá a ti gbé ẹ wọlé, ṣe lò ń yọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jalè. Mo ti rò pé o ò fẹ́ràn wa ni. Dìde jàre, aṣọ ẹ ń bàjẹ́."

Mo dìde, mo fi etí ìró mi nu ojú, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi lọ gbogbo ẹ̀gẹ́ náà tán. Nígbà tí ọkọ mi ń jẹun, mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ pe àwọn oníkóńdéèmù.

"Kí n pe ta?" ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, kí n wá ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀?" Ó tún bu òkèlè. "Má pẹ́ dé lọ́la o. Mi ò kì í gba òṣìṣẹ́ tó ń pẹ́ dé."